Owó Tí Ń Dè àti Owó Tí Ń Tú

Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ti ń wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. A kò bá wọn jiyàn. Ilé Ọlọ́run kò lè dúró láìsí igi àti pákó; olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní a, b, d kò lè ṣe é kí ó má jẹun; fìtílà ìsìn alẹ́ kò sì lè tàn láìmu epo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi etí sí ọ̀rọ̀ náà dáradára yóò rí i pé kẹ̀kẹ́ ni a pe owó. A kò pè é ní ẹni tí ń darí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan náà tí ó gbé oníwàásù lọ sí ìletò lè gbé olè sá lọ ní òru.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin tí ń ka ìwé wa yẹ ìtàn ilẹ̀ wa wò ní ti ọ̀rọ̀ yìí. A kò kọ ọ́ láti fi tọrọ ọrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ nítorí pé ohun méjì ni a rí tí owó ń ṣe sí ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìgbàgbọ́ dé: owó dè wọ́n, owó sì tú wọn. Ó sì dá wa lójú pé, ní ojú Kristi, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọlọ́rọ̀ àti òtòṣì lọ.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, owó ẹyọ ni a ń ná. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 ẹyọ, ẹrù gidi fún ọkùnrin kan láti rù lọ sí ọjà. Owó náà wúwo, ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo jù ú lọ ni pé a lè fi ra ènìyàn. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú Òṣogùn, a sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé a fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, àti pé, bí a ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé ìgbà kan tí a fi òun gba tábà àti ọtí. Ọmọ yìí ni Samuel Ajayi Crowther, tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run ti yàn láti jẹ́ aṣíwájú nínú títú Bíbélì sí èdè wa, ọjà gbé e ka orí ìwọ̀n, ó sì rí i pé ẹṣin kan tó o.

Kì í ṣe ogun nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di ohun ìní ẹlòmíràn. Gbèsè náà ń ṣe é ní ọ̀nà tí ó rọ̀ ju ti ogun lọ, tí ó sì pẹ́ jù ú lọ: èyí ni ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá nílò owó fún ìyàwó, fún òkú, tàbí fún gbèsè àtijọ́, a lọ bá olówó, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sìn ín. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó dúró gẹ́gẹ́ bí èlé. Kò dín ẹyọ kan kù nínú owó tí a yá. Bí ó sìn ín fún ọdún kan, bí ó sìn ín fún ogún ọdún, odindi iye tí a gbà ni a óò san kí ó tó bọ́. Òtítọ́ ni pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó jẹ́ ọmọ ìlú, ó ní ilé tirẹ̀, àṣà sì fún un ní ẹ̀tọ́ tí olówó kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti dàgbà tán lóko ẹlòmíràn nítorí owó tí wọn kò jẹ níbẹ̀. Bí onígbèsè kò bá sì rí ẹni fi sìn, tí kò rí owó san, a lè dógò tì í: ẹni tí olówó rán yóò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú tọmọdé tàgbà, yóò máa pa ohun ọ̀sìn tí ó bá rí nínú agbo ilé jẹ, títí ojú yóò fi ti àwọn ará ilé, tí wọn yóò fi wá owó náà kalẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Bíbélì rẹ̀ yóò ti rántí Nehemiah. Ní àkókò ìyàn, àwọn Júù fi oko àti ọgbà àjàrà wọn dógò, wọ́n sì fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin wọn sínú ìdè nítorí ọkà àti owó orí ọba. Àwọn ìjòyè tí ó gbà wọ́n kì í ṣe àjèjì. Arákùnrin wọn ni. Nehemiah bínú gidigidi. Kò sọ fún àwọn ìjòyè náà pé kí wọ́n mú ọrẹ wá sí tẹ́ḿpìlì; ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dá oko, ilé àti èlé padà lọ́jọ́ náà gan-an. A óò tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo owó tí ń tú. Àwọn ènìyàn wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì kó lọ sí Sàró, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oko kékeré àti ọjà orí àtẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n mú ohun kan ti ilé wá tí ẹ̀wọ̀n kò lè gbà lọ́wọ́ wọn, èyíinì ni àṣà dídá owó jọ. Nínú ẹ̀súsú, olúkúlùkù a máa dá iye kan ní ọjọ́ tí a dá, ẹnìkan a sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi yí gbogbo ẹgbẹ́ po. Àṣà yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bá àwọn ẹrú rékọjá òkun: títí di òní a ń dá a ní Trinidad, wọ́n sì ń pè é ní susu. Ní Sàró àwọn ènìyàn wa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń fi sin òkú ẹni tí kò ní ẹbí ní ilẹ̀ àjèjì.

Lára àwọn oníṣòwò wọn ni a sì ti rí àwọn tí ó pa owó pọ̀ láti ra àwọn ọkọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí ìjọba ń tà ní gbàǹjo ní Freetown. Ní ọdún 1839 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé wọn padà wá sí etíkun wa, sí Èkó àti Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí a kàn láti fi kó ènìyàn lọ nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn ọmọ ẹlẹ́wọ̀n fi owó ara wọn rà á, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ sí ilé. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí i pé kò sí ilé ìsìn, wọ́n ránṣẹ́ padà pé kí a fi oníwàásù ránṣẹ́ sí wọn; ní oṣù kejìlá ọdún 1842 sì ni Freeman ti ìjọ Wesley àti Townsend ti C.M.S. pàdé ní Àgbádárìgì. Bí a bá ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, owó àwọn tí a ti tà rí ni ó kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ náà dé ilẹ̀ wa.

Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni a bí James Pinson Labulo Davies, ní ọdún 1828, ní abúlé Bathurst ní Sàró. Yorùbá ni baba àti ìyá rẹ̀, a sì ti gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wá fi Èkó ṣe ibùjókòó ní ọdún 1856 gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò. Ọjà rẹ̀ tà, ó sì di ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1862 ni ó gbé Aina ní ìyàwó ní Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tí ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni obìnrin náà. Àwọn ará Dàhómì kó o ní ọdún 1848, ọba wọn sì fi í tọrẹ fún ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ọdún 1850, bí ẹni fi aṣọ tọrẹ. Ọbabìnrin Victoria ni ó gbà á tọ́, tí ó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ sọ nípa Davies ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó gbéyàwó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tí ó fẹ́ ọmọ Crowther, ń wá ọ̀nà láti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Èkó. Davies fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún náà ni a ṣí Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà ti C.M.S., pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Nígbà tí ó di ọdún 1867, Davies tún fi £100 ran ilé-ẹ̀kọ́ Fájì lọ́wọ́ láti fẹ̀ ẹ́.

Owó ọlọ́lá nìyẹn. Owó kan tún wà tí kò ní orúkọ ẹnìkan lórí. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní London, ti kọ́ ìjọ pé ìjọ ilẹ̀ Áfríkà gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe pín àwọn onígbàgbọ́ sí kíláàsì, tí olúkúlùkù ń san owó kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Owó kékeré ni, èyí tí alágbàfọ̀ àti ẹlẹ́kọ lè mú wá. Àwọn olówó a máa san, àwọn tálákà a máa san, ìwé kan náà ni a sì ń kọ orúkọ gbogbo wọn sí. Ní ọdún 1876 ni a dá àkóso àwọn àlùfáà ọmọ ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní Èkó, tí àwọn ìjọ gba ẹrù owó oṣù àlùfáà wọn lé orí ara wọn, pẹ̀lú owó kíláàsì, ọrẹ ọjọ́ ìsinmi àti ìdáwó ọdọọdún.

Ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo èyí. Ẹni tí ó ń bọ́ àlùfáà ni ó ní ohùn nínú ilé ìsìn. Nígbà tí owó ń ti London wá, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ń ti London wá. Láti ìgbà tí ẹlẹ́kọ ti ń dá owó tirẹ̀, ìjọ ti ń di tirẹ̀. A mọ̀ pé Olúwa wa jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra ní tẹ́ḿpìlì, ó ń wo bí àwọn ènìyàn ti ń sọ owó sínú rẹ̀, ó sì fi ẹyọ owó méjì ti opó ṣíwájú gbogbo ọrẹ àwọn ọlọ́rọ̀. Àwa sábà máa ń kọ́ni pé nítorí ìfẹ́ ọkàn opó náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn Èkó fi hàn wá pé ọrẹ opó ní agbára mìíràn: bí ọlọ́lá kan bá bínú kúrò nínú ìjọ, ọrẹ rẹ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n ọrẹ ẹgbẹ̀rún opó kì í bínú lọ ní ọjọ́ kan.

Ohun tí a ti sọ dé ìhín yìí dùn láti gbọ́. Apá tí ó kù le, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Níbo ni owó tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń ta Ọlọ́run lọ́rẹ ti ń wá? Epo, èkùrọ́ àti òwú ni òwò wọn. Ta ni ń kọ ebè oko, ta ni ń ru epo láti inú igbó dé etí odò? Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú àti ìwọ̀fà, àwọn kan nínú àwọn olówó wọn sì ń jẹ oúnjẹ Olúwa.

James Johnson, ọmọ Sàró, tí àwọn ènìyàn fi ìwà mímọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ni ó kojú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe àlùfáà ní ìjọ St. Paul, Breadfruit, ní Èkó, a rán an lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1877 láti bójú tó àwọn ìjọ òkè. Ohun méjì ni ó béèrè. Ó ní kí a fi kún owó kíláàsì. Ó sì ní kí onígbàgbọ́ má ṣe ní ẹrú mọ́. Ariwo ta. Àwọn àgbà ìjọ wí pé òfin ilẹ̀ kò kọ ọ́, pé oko yóò bàjẹ́, pé bí a bá tú àwọn ẹrú sílẹ̀ a kò ní rí owó san fún ìjọ. Kò pé ọdún mẹ́rin tí a fi mú Johnson kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1880 C.M.S. ṣe àpérò ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kò tán ní ilẹ̀ wa títí ọ̀rúndún tuntun fi wọlé tí ó sì jìnnà.

A kò fẹ́ dá àwọn àgbà wọ̀nyẹn lẹ́jọ́ bí ẹni pé àwa ìbá ti ṣe dáradára jù wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jìyà nítorí Kristi nígbà tí inúnibíni dé. Owó kíláàsì wọn kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Johnson pẹ̀lú le, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: wọ́n wí pé a kò lè tú ènìyàn sílẹ̀ nítorí kí a lè rí owó mú wá fún Ọlọ́run. Níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti di olùdarí. Sakéù mọ èyí ju wọ́n lọ. Nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, ó ṣèlérí ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, kò sì dúró síbẹ̀. Ó ní òun yóò san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà tí ó sọ ti dídá padà ni Olúwa kéde pé ìgbàlà wọ ilé náà. Ọ̀nà Nehemiah náà nìyẹn: kí a kọ́kọ́ dá a padà, kí a tó sọ ti ọrẹ. Ọrẹ kò lè gba ipò ìdápadà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Davies, kí a wo òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, ní àkókò kan náà tí àwọn ẹlẹ́kọ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ àlùfáà wọn, òwò Davies wó. Gbèsè àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ilé ẹjọ́ sì kéde pé kò lè san án. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1880, Aina ìyàwó rẹ̀ kú ní erékùṣù Madeira, níbi tí ó ti lọ wá ìwòsàn àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ọkùnrin tí ó ti jókòó láàárín àwọn ọlọ́lá di ẹni tí a ń nàka sí. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún náà gan-an, ní 1879 àti 1880, ó wá irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ Bùràsíìlì kan àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín sí oko rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó fún títà ní ilẹ̀ wa. Kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn, lára wọn ni J. K. Coker ti Agége. Ní oko àwọn ará Agége ni àwọn alágbàṣe láti ilẹ̀ òkè ti kọ́ iṣẹ́ kòkó, tí wọ́n sì mú irúgbìn lọ sí ilé. Davies kú ní ọdún 1906.

Bí a bá ka ohun tí ó kù, kí ni a óò rí? Ilé ìtajà rẹ̀ kò sí mọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́. Àwọn tí ó jẹ lówó gba tiwọn. Ṣùgbọ́n £50 tí ó fún Macaulay ní ọdún 1859, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbà á padà nítorí gbèsè. Ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìjì tó dé, ó sì wà nínú orí àwọn ọmọ tí ó kàwé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Èkó lónìí. Ìmọ̀ kòkó tí ó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò tí òun fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan pẹ̀lú kù. Nínú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, èyí tí ó jọ̀wọ́ ni ó ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti aṣíwájú kíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ìwọ̀fà ti tán ní orúkọ. Síbẹ̀ ológò kò tán: kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́, ẹ̀rọ tẹlifóònù ni ó ń lò. Àwọn ayánilówó kan wà lónìí tí ń fi gbèsè kékeré ti ènìyàn ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀, kí ojú lè tì í, kí ó tún lọ yá òmíràn láti fi san án. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó na ọwọ́ fi ọrẹ sínú àwo, kí a má sì mọ̀. Aṣíwájú kíláàsì tí ń gba owó kò gbọdọ̀ gba owó lásán. Ó yẹ kí ó mọ ẹni tí gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ìjọ tí ó bá ní owó nípamọ́, tí ọmọ ìjọ kan sì wà nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀ jókòó, kí wọ́n yá a láìgba èlé, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀ láìsí ìtìjú. Àwọn baba wa ní Sàró ṣe é pẹ̀lú owó tí ó kéré sí tiwa.

Ní ti àwa tí Ọlọ́run fi púpọ̀ fún, kí a tó kọ orúkọ wa sára ògiri ilé ìsìn, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé ara wa: bóyá owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀ wà lọ́wọ́ wa tí a kò tíì san, bóyá ilẹ̀ ọmọ òrukàn wà lọ́wọ́ wa, bóyá alágbàṣe kan ń kérora nítorí wa. Kí a dá èyí padà ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà kí a wá pẹ̀lú ọrẹ wa, kí a sì wá pẹ̀lú ayọ̀. Kí Ọlọ́run tí ó gba Àjàyí lọ́wọ́ àwọn tí ó fi í pààrọ̀ ẹṣin ràn wá lọ́wọ́, kí owó má bàa ra ẹnikẹ́ni mọ́ nínú wa, àti pé bí ó bá ti ọwọ́ wa kọjá, kí ó jẹ́ láti tú ẹnìkan sílẹ̀. Àmín.